Ẹ Máa Pín Linux Fún Wa Nínú Fláàṣì

Bí ẹ bá bi ọmọ físíìsì tó wà ní ìpele kẹrin léèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe pírójẹ́ẹ̀tì, ìdáhùn tí ẹ máa gbọ́ kì í sábà ju mẹ́ta lọ. Ó fẹ́ fi iná ẹ̀lẹ́tíríìkì wá omi lábẹ́ ilẹ̀, tàbí ó fẹ́ yá mítà kan láti fi wọn ìtànṣán nínú ọgbà ilé-ìwé, tàbí ó fẹ́ to ẹ̀rọ kékeré kan tó ń lo sólà. Kò sóhun tó burú nínú wọn. Èmi náà wọn ìtànṣán. Àmọ́ ọdọọdún la ń ṣe é, ìwé pírójẹ́ẹ̀tì ọdún yìí á sì jọ ti èṣí bí ìbejì. Orúkọ àdúgbò nìkan ló máa ń yí padà.

Bẹ́ẹ̀ físíìsì tí wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n kọ́ wa ní múọ́nì, wọ́n kọ́ wa ní Z boson, wọ́n kọ́ wa bí ìtànṣán gámà ṣe ń pàdánù agbára rẹ̀ nínú òjé. Tí ẹnì kan bá bèèrè pé kí la lè fi ọwọ́ ara wa ṣe nínú ìyẹn, èsì tó máa ń wá ni pé ẹ̀rọ rẹ̀ wà ní Geneva. Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ náà wà ní Geneva. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀rọ náà kọ sílẹ̀ ti ń jáde fún gbogbo ayé láti oṣù kọkànlá ọdún 2014, nígbà tí CERN ṣí ojúlé dátà rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2016, àwọn CMS nìkan gbé nǹkan bíi 300 terabyte síta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. ROOT tí wọ́n fi ń ka dátà náà, ọ̀fẹ́ ni. Geant4 tó ń ṣe àfarawé bí ìtànṣán ṣe ń gba inú nǹkan kọjá, ọ̀fẹ́ ni. Linux tí gbogbo wọn jókòó lé, ọ̀fẹ́ ni pẹ̀lú. Ohun kan ṣoṣo tó kù láàárín wa àti iṣẹ́ yẹn ni bí a ṣe máa kó wọn sórí láptọ́ọ̀pù kí wọ́n sì ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ wa ti ń padà sẹ́yìn.

Èrò mi kò ju ẹyọ kan lọ. Kí ẹ̀ka físíìsì ní yunifásítì wa yéé fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ fún oníkálukú. Kí ẹnì kan ṣe é dáadáa lẹ́ẹ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, kí wọ́n dì í sínú fáìlì kan, kí wọ́n sì máa fi fláàṣì pín in fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́.

Ẹni tí kò bá tíì bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé lè sọ pé ṣé Windows tó wà lọ́wọ́ wa kò tó ni. Ìtàn ló fà á. Láti ọdún 1969 tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie ti bẹ̀rẹ̀ Unix ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti bá a dọ́rẹ̀ẹ́, nítorí ó jẹ́ kí ènìyàn so irinṣẹ́ kékeré mọ́ kékeré títí á fi di iṣẹ́ ńlá. Ní ọdún 1991, Linus Torvalds gbé Linux jáde ní Helsinki. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni nígbà náà, ọmọ ọdún 21. Lónìí, Linux ló wà lórí kọ̀ǹpútà tí CERN fi ń yẹ dátà rẹ̀ wò. Lóòótọ́, ROOT ti ń ṣiṣẹ́ lórí Windows náà, ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ tí ẹ máa rí kà, ìtọ́sọ́nà tí ẹ máa tẹ̀ lé, àti àṣìṣe tí ẹ máa bèèrè ojútùú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíì, gbogbo wọn ló gbà pé Linux lẹ ń lò.

Ní ọdún 2022, ASUU bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ní ọjọ́ 14 oṣù kejì, wọn kò sì dá a dúró títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá. Oṣù mẹ́jọ gbáko. Ilé ni mo wà, ní Iyah-Gbẹdẹ, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìjùmú ní ilẹ̀ Okun wa. Àyè wà fún mi, ohun tí kò sí ni iná àti dátà. Iná lè wá fún wákàtí méjì kó tún lọ fún ọjọ́ méjì. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì a máa já geere díẹ̀ lẹ́yìn aago méjìlá òru, nígbà tí àwọn tó ń wo fídíò bá ti sùn. Mo máa ń gbé fóònù sójú fèrèsé, kí láptọ́ọ̀pù máa fa dátà láti ara rẹ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ó dà bíi pé ẹni tó mọ irú ilé wa ló ṣe Unix. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já nígbà tí bíráúsà ń gbé fáìlì 400 MB wá, tó sì ti dé 390, ó ṣeé ṣe kó tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo, dátà yín á sì ti lọ. Aṣẹ kan wà tó ń jẹ́ wget. Ẹ fi -c sí i nídìí, á wo ibi tó dé lánàá, á sì máa bá a lọ láti ibẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí sáfà tó ń gbé fáìlì náà wá bá ti gbà fún un. Mo fi òru mẹ́ta gbé fáìlì kan ṣoṣo wá lọ́nà yìí, mi ò sì pàdánù nǹkan kan.

make náà ní irú ìwà bẹ́ẹ̀. Geant4 tí mo gbé wá kò dé ní jíjinná, èmi ni mo sè é lórí kọ̀ǹpútà mi láti orí kóòdù C++ tí wọ́n kọ. Láptọ́ọ̀pù mi ní RAM 4 GB, bátìrì rẹ̀ kò sì lè gbé wákàtí méjì. Ṣùgbọ́n make a máa yẹ fáìlì wò, èyí tó ti jinná àti èyí tó kù. Bí iná bá lọ lónìí, tí mo bá tún tẹ make lọ́la, èyí tó kù nìkan ló máa gbé léná. Fáìlì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an nígbà tí kọ̀ǹpútà kú nìkan ló lè bàjẹ́. Ẹ pa á rẹ́, á tún un sè. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi sè é tán. (Ẹ má fi -j4 sí i tó bá jẹ́ RAM 4 GB lẹ ní o. -j2 ló mọ níwọ̀n, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ á dákú mọ́ yín lọ́wọ́.) Bàbá mi àgbà jí lóru ọjọ́ kejì, wọ́n wo ojú kọ̀ǹpútà dúdú tí ọ̀rọ̀ ń sáré kọjá lórí rẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé tìrẹ kò ní àwòrán ni?"

Mo ṣe é tán, inú mi sì dùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Tí ẹ bá ka Ubuntu, àwọn irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń sè kóòdù, ROOT, Geant4 àti fáìlì dátà tó ń bá Geant4 rìn, tó sún mọ́ 2 GB tí a bá tú u sílẹ̀, ẹ gbà pé ènìyàn kan máa ná dátà 4 GB kó tó fọwọ́ kan físíìsì rárá. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ ọgọ́ta ló wà nínú kíláàsì, 240 GB nìyẹn, ohun kan náà ni gbogbo wọn sì ń gbé wá. Ta ló ń ṣe irú òwò bẹ́ẹ̀? Tí ìyá mẹ́wàá bá ń lọ sí ọjà Kabba láti ra iṣu, wọn kì í háyà mọ́tò mẹ́wàá.

Dátà kọ́ ló sì ń lé àwọn ènìyàn sá jù. Ohun tó ń lé wọn sá ni àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ tí kò sẹ́ni tó sọ fún wọn. Ẹ kó ROOT sórí ẹ̀rọ, ó ṣiṣẹ́ lónìí. Ẹ pa terminal dé, ẹ tún un ṣí lọ́la, ẹ tẹ root, ó ní "command not found". Akẹ́kọ̀ọ́ á gbà pé ó ti bàjẹ́, á yọ ọ́ kúrò, á tún dátà ná. Kò sì bàjẹ́ rárá. Terminal tuntun kò mọ ibi tí ROOT wà ni, a sì gbọ́dọ̀ sọ fún un lójoojúmọ́ nípa pé ká ka fáìlì thisroot.sh sí i létí pẹ̀lú àṣẹ source. Ìlà kan péré nínú .bashrc máa ń parí ọ̀rọ̀ náà pátápátá. Geant4 ní tirẹ̀ náà, geant4.sh ni orúkọ rẹ̀. Tàbí kí ọ̀rẹ́ yín fi ìwé àṣẹ tó kọ nínú Notepad ránṣẹ́, kí Linux máa ráhùn nípa ^M tí ẹ̀yin kò rí níbì kankan. Àmì òpin ìlà ti Windows ló fara pamọ́ síbẹ̀, dos2unix á sì lé e jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á fi ìṣẹ́jú kan sọ fún yín. Tí kò bá sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ní tòsí, ọ̀sẹ̀ kan lè kọjá lórí rẹ̀. Mo mọ àwọn tó já pírójẹ́ẹ̀tì gidi jù sílẹ̀ nítorí irú èyí, tí wọ́n padà lọ yá mítà.

Ọ̀nà tí mo ń sọ kò sì le. Ọ̀pọ̀ wa ló ń lo Windows, Windows 10 tuntun àti 11 sì ní WSL, tó ń jẹ́ kí Linux gbé inú Windows láìpa nǹkan kan rẹ́. Ẹnì kan á kó Ubuntu, ROOT àti Geant4 sínú WSL tirẹ̀, á yẹ gbogbo rẹ̀ wò, á kọ àwọn ìlà tó yẹ sínú .bashrc. Lẹ́yìn náà á tẹ wsl --export, gbogbo ètò náà á sì di fáìlì tar kan ṣoṣo. Ẹni tó bá gbà á á tẹ wsl --import lórí tirẹ̀. Ó tán. Kò ná dátà, kò sè nǹkan kan. Kìkì pé kó ti kọ́kọ́ tan WSL fúnra rẹ̀ lórí ẹ̀rọ, kó sì rí i pé virtualization wà ní títàn nínú BIOS. Fún ẹni tí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ kò lè gbé Windows àti Linux pọ̀, kí wọ́n fi fáìlì Ubuntu gan-an sínú fláàṣì míì, kó lè fi Linux nìkan sórí ẹ̀rọ àtijọ́ náà.

Ohun méjì péré ni mo máa tẹnu mọ́ níbẹ̀. Fláàṣì tí wọ́n ṣe sí FAT32 kò lè gba fáìlì tó bá tó 4 GB, nítorí náà exFAT tàbí NTFS ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ má sì tú fódà ROOT sílẹ̀ sórí fláàṣì bẹ́ẹ̀; FAT àti exFAT kì í tọ́jú àwọn ìtọ́ka tí Linux fi ń so fáìlì mọ́ra. Nínú tar ni kó wà títí á fi dé inú Linux. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó dé láìfarapa, ẹ tẹ sha256sum sí i kó tó kúrò àti lẹ́yìn tó dé. Tí nọ́ńbà méjèèjì bá bára mu, ọkàn yín á balẹ̀.

Pínpín Linux lọ́wọ́ kì í ṣe nǹkan tuntun. Nígbà tí Mark Shuttleworth, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, bẹ̀rẹ̀ Ubuntu ní ọdún 2004, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ń fi CD rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ sí ibikíbi láyé. Ọdún 2011 ni wọ́n tó dáwọ́ rẹ̀ dúró. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn wà tí íntánẹ́ẹ̀tì wọn kò lè gbé e. Dátà wa ti dára ju ti ìgbà yẹn lọ, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n fáìlì náà ti sanra ju ti ìgbà yẹn lọ pẹ̀lú. CD kan ló ń gba Ubuntu nígbà náà, Ubuntu 24.04 ju 5 GB lọ.

Àwọn kan ní kí ni gbogbo wàhálà yìí, ṣebí Google Colab wà, inú bíráúsà lẹ máa ti ṣe é. Colab dára fún ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kì í já. Bí ó bá já, iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́ lè parẹ́, fáìlì tí ẹ kó síbẹ̀ lè lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó bá wà ní Iyah-Gbẹdẹ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kò lè fi iṣẹ́ ọdún kan sórí irú okùn bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá wà lórí láptọ́ọ̀pù mi, tèmi ni, iná kékeré láti ara sólà sì tó láti fi ṣe é.

Àwọn míì ní ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ jìyà rẹ̀, ìyà ló ń kọ́ni. Mi ò lè sọ pé irọ́ pátápátá ni. Mo mọ ibi tí nǹkan wà lórí ẹ̀rọ mi nítorí pé èmi ni mo kó wọn síbẹ̀, ìmọ̀ yẹn sì ti gbà mí lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n ìyà dátà àti ìyà iná kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní físíìsì. Ẹ fún wọn ní èyí tó ti jinná ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, kí wọ́n fi rí Z boson. Tó bá di sáà kejì, kí olùkọ́ ní kí wọ́n sè é fúnra wọn, láti orí kóòdù tó ti wà nínú fláàṣì kan náà. Ìyẹn náà á dára ju bí wọ́n ṣe ń ní ká kọ kóòdù C++ sórí ìwé nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní fi sínú kọ̀ǹpútà láéláé.

Kí wá ni èrè rẹ̀? Lára dátà tí CMS gbé síta, fáìlì kékeré kan wà tó ní ìṣẹ̀lẹ̀ 100,000, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú múọ́nì méjì. Ẹ gba agbára àti ìtẹ̀síwájú wọn, ẹ ṣírò ìwọ̀n tí wọ́n ní pa pọ̀, ẹ jẹ́ kí ROOT yà á. Òkè kan á dìde ní ẹ̀gbẹ́ 3.1 GeV, J/psi nìyẹn. Òmíì á dìde ní ẹ̀gbẹ́ 91 GeV, Z boson nìyẹn. Ohun tí wọ́n gba Nobel lé lórí ní ọdún 1984, mo rí i nínú yàrá mi ní Iyah-Gbẹdẹ ní aago méjì òru, láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá. Ó ti wà lórí ẹ̀rọ kí dátà tó tán.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ Geneva nìkan ni mò ń sọ. Àpáta gíránáìtì ló yí wa ká ní ilẹ̀ Okun, gíránáìtì a sì máa ní potassium-40 nínú, èyí tó ń tú gámà jáde ní 1460 keV. Mítà tí a ń yá kì í ju nọ́ńbà kan lọ tó máa sọ fún yín. Kò lè sọ bóyá potassium ló wá láti inú rẹ̀ ni tàbí thorium. Ẹni tó ní Geant4 lè to dítẹ́kítọ̀ sódíọ̀mù áyódáìdì sínú kọ̀ǹpútà, kó gbé òkúta sí iwájú rẹ̀, kó sì mọ iye gámà 1460 tí dítẹ́kítọ̀ náà máa rí nínú ọgọ́rùn-ún. Pírójẹ́ẹ̀tì ìtànṣán wa àtijọ́ náà nìyẹn, ṣùgbọ́n ó ti ní eegun. Ní Ifẹ̀, ẹ̀rọ Pelletron 1.7 MV wà ní ilé ìwádìí agbára ti OAU. Ní Zaria, ríákítọ̀ NIRR-1 ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 2004. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe àfarawé ríákítọ̀ pẹ̀lú MCNP gbọ́dọ̀ kọ̀wé gba àṣẹ láti Amẹ́ríkà kó tó rí i lò. Geant4 kò béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, orí rẹ̀ ni wọ́n sì kọ́ GATE lé, èyí tí wọ́n ń lò fún ìtọ́jú jẹjẹrẹ àti àwòrán PET ní ilé ìwòsàn.

Ọ̀nà náà sì wà ní Áfíríkà níbí. Ketevi Assamagan, ọmọ Togo tó ń ṣiṣẹ́ ní Brookhaven tó sì wà nínú ATLAS, wà lára àwọn tó dá ilé-ẹ̀kọ́ físíìsì ti Áfíríkà sílẹ̀, èyí tó kọ́kọ́ wáyé ní Stellenbosch ní ọdún 2010, tó sì dé Kumasi ní ọdún 2012. Àyè ibẹ̀ kò pọ̀, gbogbo Áfíríkà ló ń du ú. Ẹni tó bá ń kọ̀wé béèrè àyè níbẹ̀, tó sì lè sọ pé òun ti fi dátà CMS ya òkè Z, kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni tí terminal ṣì ń bà lẹ́rù. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé ẹni tó ní bàbá tó lè ra dátà nìkan lá lè sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ ti jáde, ẹ máa ń bi wá pé kí ni kí ẹ fi ṣe ilé-ìwé lóore. Ẹ ti ra àga, ẹ ti kun ògiri, ẹ ṣeun. Lọ́tẹ̀ yìí ẹ ra SSD kan àti fláàṣì ogún fún ẹ̀ka yín, kẹ́ ẹ fi lé ọwọ́ ẹni tó ń mójú tó láàbù, kì í ṣe ọ́fíìsì tí wọ́n máa tì í mọ́. Kí àkọsílẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lédè Yorùbá tàbí Gẹ̀ẹ́sì, ojú ìwé kan péré, tó ní thisroot.sh àti dos2unix nínú.

Ní tèmi, ó ti wà nílẹ̀: Ubuntu 22.04, ROOT, Geant4 pẹ̀lú gbogbo dátà rẹ̀, fáìlì múọ́nì náà, àti kóòdù tí mo fi ya òkè méjèèjì. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ kó mú fláàṣì 64 GB wá. Kó ti sọ ọ́ di exFAT kó tó dé.